Ọta Ìbọn Ní Rẹ́jísítà, Ẹni Tí Wọ́n Dá Dúró Kò Ní

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn awakọ̀, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn ọ̀dọ́ kan sọ ní Ọ̀fà. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè ṣeé kà, mo sì fi díẹ̀ lára ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ará mi tí ẹ fi èrò àárọ̀ sílẹ̀ wá jókòó síbí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo mọ̀ pé wákàtí kan lọ́wọ́ awakọ̀, owó ni. Mi ò ní fi tiyín ṣòfò.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ipá tí ọlọ́pàá ń lò lójú títì, àti bí a ṣe lè bi wọ́n. Mo fura pé àwọn kan nínú yín rò pé màá wá bú ọlọ́pàá ni. Ẹ ò nílò lọ́yà fún ìyẹn, ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Ohun tí mo bá wá yàtọ̀ díẹ̀. Ìbọn tó ń pa èèyàn lójú ọ̀nà, kì í ṣe ìgbà tó dún ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dá ẹnì kan dúró, tí wọn ò sì kọ ọ́ síbì kankan pé àwọn dá a dúró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún ọlọ́pàá ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ìlú tí a jókòó sí yìí náà ni. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2018, àwọn adigunjalè wọ Ọ̀fà, wọ́n ya bo tẹ́ṣàn ọlọ́pàá ní Òwòdé, wọ́n ya bo àwọn báǹkì. Ọlọ́pàá mẹ́sàn-án ló bá a lọ, yàtọ̀ sí àwọn ará ìlú. Oṣù kẹsàn-án 2024 ni ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin tó dájọ́ ikú fún márùn-ún nínú àwọn tí wọ́n mú. Ní oṣù kọkànlá 2025, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ẹ̀rúkù, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn wọgbó. Ọlọ́pàá tó bá dúró sójú ọ̀nà Ajásẹ́ lóru, tó rí iná mọ́tò tó ń bọ̀ tí kò dín eré kù, ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe àsọdùn. Mi ò sì tíì rí ará gúúsù Kwara kan lásìkò yìí tó ní kí ọlọ́pàá kó kúrò lọ́nà. A fẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀ ni ẹjọ́ wa.

Àwọn ọ̀gá pátápátá wọn náà mọ̀ pé ọ̀nà ò dáa. Ní 2012, IG M. D. Abubakar, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, pàṣẹ pé kí wọ́n palẹ̀ ṣẹ́kípọ́ìntì mọ́ káàkiri Nàìjíríà. Àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ náà ti pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Igi á kúrò lọ́nà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á sì padà wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná Ìlọrin sí Òmù-Àrán lè sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún mi pẹ̀lú ojú dídì.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdádúró kan bó ṣe máa ń lọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Igi gbọọrọ kan wà ní ìdábùú ọ̀nà, táyà ògbólógbòó méjì ló gbé e ró. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí yín lójú, ẹ ò rí ẹni tó mú un dání, ohùn lẹ kàn ń gbọ́: "Páàkì! Paná!" Ẹ páàkì. Ọ̀kan nínú wọn wá sójú fèrèsé. AK-47 rọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ẹnu ìbọn wà ní ọ̀gangan itan yín. "Patíkúlà." Ẹ kó o jáde. Láísẹ́ǹsì pé. Ìnṣọ́ránsì pé, èyí tó ti di ₦15,000 láti oṣù kìíní 2023, tí ẹ fi ẹkún san. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Ó wá ní gíláàsì yín ti dúdú jù. Òfin wà lóòótọ́ lórí gíláàsì dúdú láti 1991, ariwo rẹ̀ sì tún gba ìlú kan ní 2025 nígbà tí ọlọ́pàá ní kí gbogbo wa lọ gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí tí ọ̀rọ̀ fi dé kóòtù. Ẹ ní bó ṣe wá láti òkè òkun nìyẹn. Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ọwọ́ kan ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó ti fa kọ́kọ́rọ́ yọ.

Ẹ dúró níbi kọ́kọ́rọ́ yẹn. Kó tó dìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Bí ọwọ́ ṣe wọnú mọ́tò, ipá ti bẹ̀rẹ̀, àwa kàn ti sọ ọ́ di nǹkan kékeré ni. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ á di ọwọ́ náà mú láìròtẹ́lẹ̀, bí èèyàn ṣe ń gbá ẹ̀fọn. Ó parí nìyẹn: ó ti gbéjà ko ọlọ́pàá lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á fà á lọ́rùn ẹ̀wù, ìfọ́tí á tẹ̀ lé e, ìdí ìbọn á tẹ̀ lé ìfọ́tí. Ẹlòmíràn tí ò tíì pa mọ́tò, ẹ̀rù á bà á, á tẹ iná mọ́tò, á sá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń yìn ín sí. Láti orí "páàkì" dé ibẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Nínú gbogbo ìṣẹ́jú yẹn, ta ló kọ nǹkan kan sílẹ̀? Ìyá ẹlẹ́wà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́kípọ́ìntì ní ìwé kan tó ń kọ gbèsè àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyẹn sí. Àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ò ní ìwé tí wọ́n ń kọ ẹni tí wọ́n dá dúró sí. (Wọ́n rẹ́rìn-ín níbí. Ẹ̀rín náà pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ.)

Kí ni òfin wí? Abala 33 nínú ìwé òfin 1999 ní olúkúlùkù ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wà láàyè. Ó wá ṣílẹ̀kùn mẹ́ta sílẹ̀: bí èèyàn bá kú níbi tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹlòmíràn tàbí dúkìá lọ́wọ́ oníwà ipá, níbi tí wọ́n ti ń mú un lọ́nà òfin tàbí tí wọn ò fẹ́ kó sá mọ́ wọn lọ́wọ́, tàbí níbi tí wọ́n ti ń pa rògbòdìyàn. Ó ní kí ipá náà má kàn ju ohun tó pọn dandan lọ. Ìlànà tí ọlọ́pàá ń tẹ̀ lé lórí ìbọn, Force Order 237, gba ilẹ̀kùn àárín yẹn wọlé tẹrùtẹrù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó gbà kí ọlọ́pàá yìnbọn lu ẹni tó ń sá fún ìmúni bí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fura sí bá tó ẹ̀wọ̀n ọdún méje, tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn láti mú un. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Kọ́ńsítébù tó wà nídìí igi, nínú òkùnkùn, òun ló máa mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀, òun ló máa ṣírò iye ọdún tó gbà, òun náà ló máa mú ìdájọ́ ṣẹ. Wọ́n ti tún ìlànà náà kọ. Ọwọ́ tó ti mọ ti àtijọ́ lára ni wọn ò tíì tún kọ́. Ní 1990, ní Havana, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná pé àfi nígbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu ni kí ọlọ́pàá tó yìnbọn tó lè pa èèyàn. Dúkìá ò sí nínú rẹ̀. Eré sísá ò sí nínú rẹ̀.

Ẹnì kan á ní, ṣé òfin tó dáa la nílò nìyẹn? Mo ní kí ẹ wo Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn náà ti jogún òfin yíyìnbọn lu ẹni tó ń sá. Ní 1974, ní ìlú Memphis, ọlọ́pàá yìnbọn pa ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan tó ń fo ọgbà lóru. Dọ́là mẹ́wàá àti pọ́ọ̀sì kan ni ọmọ náà jí, ọlọ́pàá ọ̀hún fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ pé òun ò rí ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1985, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́: ẹni tó ń sá tí kò wu ẹ̀mí ẹnikẹ́ni léwu, ẹ má yìnbọn sí i. Òfin tó dáa rèé. Memphis yẹn kan náà, ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní 2023, àwọn ọlọ́pàá dá Tyre Nichols dúró nínú mọ́tò rẹ̀, wọ́n lù ú bí ẹní lu bàrà, ó kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ìwé àkọ́kọ́ tí ọlọ́pàá gbé jáde ní fàá-ká-já-a kan wáyé, ó ní Nichols sì sọ pé èémí òun ò délẹ̀. Kámẹ́rà tó wà lórí òpó ládùúgbò ló tú wọn fó. Oṣù náà ò tíì parí tí wọ́n fi lé ọlọ́pàá márùn-ún, tí wọ́n sì gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́. Ẹjọ́ náà ò gún régé títí dòní; ní 2025, àwọn ará ìlú tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ nílé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ dá mẹ́ta nínú wọn sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé òfin 1985 ò gba Nichols sílẹ̀. Àwòrán tó wà nílẹ̀ ni kò jẹ́ kí irọ́ àkọ́kọ́ dúró.

Ẹ padà wálé. Lóru ọjọ́ 7 mọ́jú ọjọ́ 8 oṣù kẹfà 2005, ọlọ́pàá pa èèyàn mẹ́fà ní Àbújá, ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin kan, àwọn tí gbogbo Nàìjíríà wá mọ̀ sí mẹ́fà ti Àpò. Wọ́n ní adigunjalè ni wọ́n, wọ́n ní àwọn ló kọ́kọ́ yìnbọn. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní irọ́ ni. Oṣù kẹta 2017 ni ìdájọ́ tó dé: ikú fún ọlọ́pàá méjì, òmìnira fún mẹ́ta, ọ̀gá tó ga jù nínú wọn sì wà lára àwọn tó gba òmìnira. Ọ̀kan tiẹ̀ ti sá lọ tipẹ́tipẹ́. Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún méjìlá.

Ẹ gbé ti Àjáh sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Kérésìmesì 2022, l'Ékòó, agbẹjọ́rò obìnrin kan tó lóyún wà nínú mọ́tò pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí ipò rẹ̀ jẹ́ ASP yìnbọn, ó pa á. Ní oṣù kẹwàá 2023, ilé-ẹjọ́ gíga Èkó ti dájọ́ ikú fún ASP náà. Kò pé oṣù mẹ́wàá. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: lọ́yà ló kú, àwọn lọ́yà ò sì ní gbà. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ojúmọmọ ni, ẹbí rẹ̀ wà níbẹ̀, kọmíṣánnà ètò ìdájọ́ Èkó fúnra rẹ̀ ló sì dúró síwájú adájọ́. Àmọ́ nǹkan mìíràn tún wà tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ pariwo. Àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá jẹ́rìí, ẹ̀rí sì jáde ní kóòtù pé ọta méjì ti dín nínú èyí tó gbà sọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ọta méjì dín? Torí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fún un. Ọlọ́pàá kì í gba ìbọn láìbuwọ́lùwé. Ẹni tó ń ṣọ́ yàrá ìbọn á kọ nọ́ńbà ìbọn, á ka ọta, bí ó bá sì dalẹ́, á tún un kà. Dúkìá ìjọba ni ọta, wọn ò gbọdọ̀ ṣì í kà. Ẹni tí wọ́n dá dúró ńkọ́? Ta ló kà á? A mọ ọta tí kò padà wálé. A ò mọ iye èèyàn tí ìbọn yẹn dá dúró kó tó kan ẹni tó pa, iye tí ọ̀gá yẹn ti gbá létí lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, iye awakọ̀ tó ti yọ kọ́kọ́rọ́ wọn. Àwa náà ní òkú tiwa ní Kwara. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mi ò mọ ẹbí ẹni tó jókòó níwájú mi.

Lẹ́yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́, ẹ máa ń gbọ́ lórí rédíò pé "wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́." Láti kọ́ńsítébù dé ìnsìpẹ́kítọ̀, àwọn ọ̀gá wọn á jókòó gbẹ́jọ́ rẹ̀ nínú ilé, yàrá kan ni wọ́n ń lò, ọjọ́ mélòó kan ti tó. Láti ASP lọ sókè, ó di ọwọ́ PSC, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ àwọn ọlọ́pàá, l'Ábújá. Kò burú, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó dùn mọ́ yín jù. Ìyẹn jẹ́ láàárín agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ni ti ìlú. Mo tún ṣàkíyèsí pé wọ́n máa ń yára lé e kí wọ́n tó gbé e dé iwájú adájọ́, kí ìwé ìròyìn lè kọ ọ́ pé ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí ni.

Ohun kan wà nínú Òfin Ọlọ́pàá tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹsàn-án 2020 tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Ní ìparí oṣooṣù, ọ̀gá tẹ́ṣàn gbọ́dọ̀ fi orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n mú láìsí ìwé àṣẹ kóòtù ránṣẹ́ sí màjísíréètì tó sún mọ́ ọn. Màjísíréètì náà sì gbọ́dọ̀ yọjú sí tẹ́ṣàn lẹ́ẹ̀kan lóṣù ó kéré tán, kó wo ìwé, kó wo àwọn tó wà ní sẹ́ẹ̀lì. Mo bi wọ́n nínú gbọ̀ngàn pé ta ló ti rí màjísíréètì ní tẹ́ṣàn rí. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Àmọ́ ká tiẹ̀ ní wọ́n ń lọ lósooṣù, ẹni tí wọ́n mú nìkan ló wà nínú ìwé yẹn. Ẹni tí wọ́n dá dúró, tí wọ́n gbá létí, tí wọ́n gba ẹgbẹ̀rún méjì lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ní kó máa lọ, kò sí lára rẹ̀. Àlàfo tí mo ń wí nìyẹn, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìyà wa ń gbé.

Torí náà, ohun tí mo fẹ́ kí a máa bá ìjọba àti ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá fà kò le: kí gbogbo ìdádúró ní ìwé. Orúkọ ọlọ́pàá àti nọ́ńbà rẹ̀, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ìdí rẹ̀, bó ṣe parí. Ìwé pélébé kan fún awakọ̀, ẹ̀dà rẹ̀ ní tẹ́ṣàn. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa kọ orúkọ ara òun sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í tètè wọnú mọ́tò ẹlòmíràn.

Mo rò pé mo ti sọ̀rọ̀ dé ibi tó dáa nígbà tí bàbá kan dìde lẹ́yìn. Ìnsìpẹ́kítọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó kọ́kọ́ ní òun ra yúnifọ́ọ̀mù òun fúnra òun fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ra bàtà, òun sì ti ra bẹtiróò sí mọ́tò ìjọba rí. Ó wá kọjú sí àwọn awakọ̀. "Lọ́yà ń sọ̀rọ̀ ìwé. Ṣé ẹ̀yin fẹ́ ìwé? Ẹ̀yin tí ẹ ń kó èrò mẹ́fà sínú mọ́tò èèyàn mẹ́rin, tí láísẹ́ǹsì yín ti kú láti ọdún mẹ́ta? Bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, kóòtù ni. Ẹ̀yin lẹ máa ń bẹ̀ mí pé kí n má kọ ọ́."

Ilé dákẹ́, ẹnì kan sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní kí n má purọ́ fún yín, bàbá gba ọ̀rọ̀ náà níbi tó ti le jù. Àìsí ìwé ń pa wá, ó sì ń gbè wá. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà tí ẹ ká mọ́ ọwọ́ fún ọlọ́pàá, ẹ fi ra pé kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ẹ kọjá níbẹ̀. Ó ràn, ẹ lọ. Lọ́jọ́ tí ó bá wá di ìbọn, àìmọ̀ tí ẹ rà yẹn ni ọlọ́pàá máa fi bo ara rẹ̀: kò sẹ́ni tó lè sọ pé mọ́tò yín dé ibẹ̀ rí. Ẹ ò lè bá wọn jẹ òkùnkùn lójúmọmọ, kí ẹ wá wá iná lálẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ìwé, láísẹ́ǹsì gbọdọ̀ pé, èrò gbọdọ̀ dín. Owó ni, mo mọ̀. Bàbá náà mi orí, ó jókòó. Mi ò rò pé gbogbo awakọ̀ ló dùn mọ́ nínú.

Ọlọ́kadà kan bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá bèèrè orúkọ ẹ̀ tó bá gbá mi létí ńkọ́?" Mo ní kó má bèèrè. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í bá AK-47 jà. Pa ẹ̀rọ, gbé ọwọ́ síbi tó ti lè rí i, sọ fún un kí o tó na ọwọ́ sápò. Fi ojú ka orúkọ tó wà láyà rẹ̀. Bí kò bá sí orúkọ, ka nọ́ńbà mọ́tò wọn. Bí kò bá sí ìyẹn, mọ aago àti ibẹ̀. Ọ̀gá tẹ́ṣàn ní ìwé iṣẹ́ tó fi mọ ẹni tó rán jáde lálẹ́ yẹn. Ní ti fífi fóònù ya wọ́n, kò sí òfin tó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn ya á, kì í ṣe ẹni tí ìbọn kọjú sí.

Alhaja kan tó ń ta aṣọ ní ibo ni kí èèyàn gbé e lọ lẹ́yìn náà. Mo ní DPO, ìyẹn ọ̀gá tẹ́ṣàn, ni, bí kò bá sì gbọ́, Kọmíṣánnà ọlọ́pàá n'Ílọrin. Ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn lórí fóònù wà láti 2015. Àjọ PSC wà. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà, wọn kì í gba owó. Bí ó bá tó ohun tó yẹ kí wọ́n sanwó gbà-má-bínú lé, ilé-ẹjọ́ gíga ni, abala 46 ló fàyè gbà á. Níbi gbogbo tí ẹ bá dé, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín ni ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti orúkọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí gárèjì ra ìwé ńlá kan báyìí, kí a má dúró de ìjọba. Awakọ̀ tí wọ́n bá dá dúró, tí ọ̀rọ̀ ò sì lọ bó ṣe yẹ, kó yà síbẹ̀ kó kọ ọ́, tàbí kí wọ́n bá a kọ ọ́ ní Yorùbá. Bí awakọ̀ márùn-ún bá kọ nọ́ńbà mọ́tò kan náà ní ibì kan náà láàárín oṣù kan, DPO ò lè sọ mọ́ pé òun ò gbọ́ rí. Alága wọn dìde, ó ní òun á ra ìwé náà. Ọ̀rọ̀ wá di ta ló máa tọ́jú rẹ̀. Alága ní òun náà ni. Alhaja ní rárá, alága àti DPO jọ ń jẹun, kí wọ́n gbé e fún akọ̀wé. Akọ̀wé ní òun ò fẹ́ kí wọ́n wá tú ilé òun. Ibẹ̀ ni wọ́n ṣì wà tí mo fi wọ mọ́tò padà s'Ílọrin.